Ojú Tó Wà Láàárín Kàlẹ́ńdà

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Alhaja Sìdí fi kọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní kéwú ní Thamesmead níbí, nílùú òyìnbó. Nígbà tí Ganiyat dé láti Ìjẹ̀bú, kò mọ álífù. Sìdí ló kọ́ ọ. Àmọ́ Ganiyat ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ sí Powis Street, ó ra kápẹ́ẹ̀tì tuntun sí gbọ̀ngàn àdúrà wa, ni wọ́n bá fi í jẹ Ìyá Àdínì, olórí gbogbo wa. Oyè tí Sìdí ti ń retí! Ó dùn ún wọ akínyẹmí ara. Owú ni, ẹ má jẹ́ ká fi bò.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni Sìdí ń ṣe. Bàbá òyìnbó kan wà tó máa ń wẹ̀ fún láràárọ̀, tó ti ṣe tíṣà ìtàn rí. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń fi ìpara pa á lẹ́sẹ̀, bàbá náà sọ̀rọ̀ ìgbà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Renaissance fún un. Ó ní àwọn oníṣòwò aṣọ àti àwọn oníbáńkì ilẹ̀ Ítálì, tí wọn kì í ṣe ọmọ ọba, máa ń ní kí ayàwòrán ya ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, kó sì ya ojú tiwọn náà sáàárín àwọn ẹni mímọ́. Ará ìlú wò ó títí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹríba fún wọn.

“Ganiyat gan-an nìyẹn,” Sìdí sọ sínú.

Bàbá ní ìgbà yẹn náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé. Ìwé tó jẹ́ pé àlùfáà àti ọlọ́lá ló ń rí i kà tẹ́lẹ̀ wá ń dé ọwọ́ àwọn ẹlòmíì, ẹni tó bá sì ní ìtẹ̀wé níkàáwọ́, òun náà di alágbára.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Sìdí sinmi, torí òun ló ń mú kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé lọ́dọọdún. Àṣà wa ni pé Ìyá Àdínì ló ń wà láàárín, àwa yòókù á yí i ká. Lọ́tẹ̀ yìí, Sìdí gbé fọ́tò ara rẹ̀ sáàárín gbàǹgbà, ó sọ Ganiyat sísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ December, bíńtín báyìí.

Lọ́jọ́ tí a pín in, ojú gbogbo wa lọ sára Ganiyat. Ganiyat wo kàlẹ́ńdà, ó wo Sìdí.

“Auntie, picture yín fine gan-an o. Ẹ fún mi ní méjì, mo fẹ́ hang ọ̀kan sí shop.”

Sìdí rò pé ẹnu lásán ni. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ń gba Powis Street kọjá, ló bá rí ojú ara rẹ̀ lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ tí oníbàárà kan ń béèrè ẹni tó ni fọ́tò.

“Mummy wa ni,” Ganiyat dáhùn. “Àwọn ló kọ́ mi ní kéwú. Láìsí wọn, mi ò bá má lè ka Fátíà.”

Sìdí kò wọlé. Ilé mi ló wá tààrà, omijé ń dà lójú rẹ̀.

“Oyè tí wọ́n fún Ganiyat yẹn, mo lè manage ẹ̀,” ó ní. “Ṣé ó wá yẹ kí inú ẹ̀ tún mọ́ ju tèmi lọ ni?”