Hassanat Láàárín Àwọn Aláṣọ Búlúù

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí kì í pariwo ní gbogbo Ungwan Rimi ní Kàdúná nígbà náà, Gàfárù dírẹ́bà ni kí ẹ béèrè. Ó ti di ọdún kejìlá tó ti ń wa mọ́tò fún ọ̀gá kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, iyàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé ọ̀gá náà ni òun, Moróunkẹ́ ìyàwó rẹ̀ àti Hassanat ọmọ wọn sì ń gbé. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" àti "Ó ti yá, sà" ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí 3SC Ìbàdàn wá bá Ranchers Bees gbá bọ́ọ̀lù ní Kàdúná, ọkùnrin jẹ́jẹ́ yìí á di ẹlòmíràn. Á yọ fìlà búlúù rẹ̀ jáde nínú àpótí, á fọ̀ ọ́, á lọ̀ ọ́, á sì forí lé pápá ìṣeré Ahmadu Bello.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ tó wà ní Kàdúná máa ń jókòó sí. Búlúù ni gbogbo wọn máa ń wọ̀. Ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Kàdúná, tó kọ́lé síbẹ̀, tó sì bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, tó bá di ọjọ́ yẹn, Ìbàdàn lọkàn rẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tó fi òfin dè é, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó jẹ́ rú u.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Gàfárù nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ mú un láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ wo bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Títí di òní, ó lè sọ fún yín bí òórùn èèpo ọsàn ṣe gba gbogbo ibẹ̀ kan, àti bí bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣe sọnù láàárín èrò tí kò sì dùn ún. Nígbà tí Hassanat náà wá pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ní ó ti tó àkókò.

Ohun kan wà lọ́kàn Gàfárù tí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ náà ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Bó bá bi í ní Yorùbá pé ṣé ó ti jẹun, Hausa ni yóò fi dá a lóhùn pé, "E, Baba, na ci." Àwọn ọmọ Hausa tó wà ládùúgbò ló ń bá ṣeré látàárọ̀ dalẹ́, èdè wọn ló sì fi ń lá àlá. Ó wá ń fẹ́ kí àwọn méjèèjì ní ọjọ́ kan, ọjọ́ kan péré, tí wọn á jọ máa rántí títí ayé.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi kọ́ ọ. Gbogbo ìrọ̀lẹ́, á jókòó síwájú ilé, á máa ka àwọn agbábọ́ọ̀lù 3SC fún un, pé nọ́mbà méje ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, pé nọ́mbà mẹ́sàn-án kì í ta góòlù nù, pé ẹsẹ̀ òsì ni nọ́mbà mọ́kànlá fi ń gbá a. Ọmọ náà gba ẹ̀kọ́ yìí kíákíá. Kódà ó ń béèrè ìbéèrè, ẹsẹ̀ wo ni nọ́mbà mẹ́sàn-án ò mọ̀ ọ́n lò dáadáa? Inú bàbá rẹ̀ dùn débi pé oúnjẹ kò wọlé fún un mọ́.

Moróunkẹ́ ní, "Bàbá Hassanat, ṣé wọ́n fẹ́ bi í ní ilé kéú ni?"

Nínú gbogbo ohun tí Gàfárù kọ́ ọmọ náà, ó gbàgbé láti sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń lọ tì lẹ́yìn. Ẹ má dá a lẹ́bi. Kò wá sí i lọ́kàn pé ó yẹ kí wọ́n máa sọ irú ìyẹn fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, wọ́n wọ pápá. Àárín àwọn aláṣọ búlúù ni wọ́n jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaja Fàósátù, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà ńlá, tó sì tún jẹ́ olórí àwọn obìnrin tó ń ti 3SC lẹ́yìn. Alhaja fún Hassanat ní ẹ̀pà, ó ní kí Ọlọ́run dá a sí.

Rẹfirí fọn fèrè. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọmọ náà fi dìde lórí ìjókòó.

Ó pariwo sí àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Bees pé, "Ku kula da mai lamba tara!" Ó ní kí wọ́n ṣọ́ nọ́mbà mẹ́sàn-án. Bí nọ́mbà mọ́kànlá ti gba bọ́ọ̀lù, ó tún pariwo pé ẹsẹ̀ òsì ni ó ń lò, kí wọ́n dí ọ̀nà òsì.

Gbogbo ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ náà ti fi ṣe ìwádìí ọ̀tá. Gàfárù kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí ojú àwọn èèyàn rẹ̀, ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Kí ó tó mọ ohun tí yóò ṣe, Bees ti gbá góòlù kan wọlé. Gbogbo àwọn aláṣọ búlúù dákẹ́ lọ ráúráú. Hassanat nìkan ló ń fò sókè láàárín wọn, ó ń patẹ́wọ́, ó ń kígbe, "Mun ci! Mun ci!" Ó ní àwọn ti gbá a wọlé.

Alhaja Fàósátù yíjú. "Bàbá Hassanat, ta lẹ mú wá bá wa yìí?"

Ojú ti Gàfárù. Ó fa ọmọ náà lápá, ó sì le mọ́ ọn bí kò ṣe le mọ́ ọn rí. "Jókòó. Àwọn aláṣọ búlúù ni tiwa. Má jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ mọ́."

Hassanat jókòó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó sì wo ilẹ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n lọ sinmi, nọ́mbà mẹ́sàn-án dá góòlù náà padà. Ariwo sọ! Alhaja ń jó, fìlà ń fò lókè. Gàfárù náà ti ń fò kí ó tó rántí pé òun mú ẹnì kan wá. Ó bojú wo ìsàlẹ̀. Ọmọ náà ti dìde, ó ń wo ojú bàbá rẹ̀, ó ń patẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ní kó kí àgbàlagbà tí kò mọ̀. Ó ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Ó dun Gàfárù wọnú eegun. Ó mọ̀ pé ohun tí ọmọ yìí yóò máa rántí nìyẹn.

Bí wọ́n ti fọn fèrè ìsinmi, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Alhaja ní, "Níbo lẹ ń lọ?"

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. À ń lọ sí òdìkejì."

Wọ́n rìn yí pápá ká, wọ́n jókòó sáàárín àwọn ará Kàdúná, àfi bí ẹni pé wọ́n gbé fìlà búlúù kan ṣoṣo náà síbẹ̀ fún ìran wíwò. Ẹ̀rín sọ. Ọkùnrin kan bi í pé, "Baba, ka ɓata hanya ne?" Ṣé ó ṣìnà ni?

Gàfárù, tí kì í sọ̀rọ̀, dá a lóhùn ní Hausa náà pé, "'Yata ce ta kawo ni." Ọmọ òun ló mú òun wá.

Àwọn ọkùnrin náà sún fún wọn. Hassanat kọ́kọ́ wo bàbá rẹ̀ lójú fínnífínní. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó ń sọ àṣírí gbogbo agbábọ́ọ̀lù 3SC, àwọn àgbàlagbà sì ń gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń bá a ké e sórí pápá. Gàfárù kò tíì rí ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, 3SC gbá èkejì wọlé. Lódìkejì, gbogbo àwọn aláṣọ búlúù bú sí ijó. Níbi tí wọ́n wà, ó dà bí ilé òkú. Hassanat fi orí sí àyà bàbá rẹ̀, ó sunkún títí ara rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Rẹfirí fọn fèrè ìparí.

Nígbà tó ṣe, ọmọ náà nu imú, ó gbé ojú sókè, ó sì sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Bàbá, ẹ pariwo. Àwọn tiyín ló gbà á."

Gàfárù bọ́ fìlà lórí, ó ká a sápò, ó sì fi etí agbádá rẹ̀ nu ojú ọmọ náà.