Ìdọ̀bálẹ̀ Orí Igi Iyeyè

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo sì ti fara mọ́ ọn. Ìyàwó mi tó rí ẹ̀yìn mi tó bó pàápàá ò tíì gbà mí gbọ́ délẹ̀.

Bàbá ìyàwó mi nìkan ló kù lábúlé wọn ní Lágelú tó ń fi ọrun àti ọfà dẹ̀gbẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá yìnbọn lẹ́ẹ̀kan ti lé gbogbo ẹran dé Olódò nìyẹn. Ó pẹ́ tí ojú mi ti wà lára ọrun wọn. Lọ́jọ́ tí mo tọrọ rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní tí mo bá lè jókòó sórí igi láti ọ̀sán títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láìsọ̀rọ̀, kí n máa gbé ọrun lọ. Mo bi wọ́n pé ẹran tí màá pa ńkọ́. Wọ́n ní ẹnu mi gan-an ni ẹran tí wọ́n fẹ́ kí n kọ́kọ́ dè mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi ní òun ń retí mi kí wọ́n tó kírun Àsárì.

Ìgbà tí iyeyè ń jábọ́ ni, àgbọ̀nrín sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Bàbá ti so pẹpẹ kan mọ́ orí igi iyeyè, kò gbà ju ìdí ẹnì kan lọ. Mo gbé ọrun Bàbá àti ọfà kan dání, mo gùn ún. Báálù kan ń lọ balẹ̀ ní Alákíà, ó fò kọjá lórí mi, mo fẹ́ kí i kú ewu ọ̀nà, mo gbé ìkíni náà mì. Èèrà ta mí, mo gbé igbe ìyẹn náà mì.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, àgbọ̀nrín kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iyeyè. Mo fa ọrun. Ẹran náà gbé etí sókè. Ìyá ìyàwó mi ló ń bọ̀ lọ́nà àbùjá, agbọ̀n ilá lórí wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àna, ẹ gbà mí. Ta ló lè jókòó sókè kí ìyá ìyàwó rẹ̀ máa kọjá lábẹ́ rẹ̀, kó máa yọjú wò wọ́n bí olè? Ara mi ò bi mí léèrè. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pẹpẹ, mo ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá.”

Okùn pẹpẹ já. Àgbọ̀nrín gba inú igbó lọ, ọfà gba òkè lọ, a ò tíì rí i dòní. Àwọn ẹ̀ka ń fà mí lé ara wọn lọ́wọ́ títí mo fi balẹ̀ sórí iyeyè tó ti rà.

Ìyá gbé agbọ̀n kalẹ̀. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ọkọ ọmọ mi. Àwọn ọmọ ńkọ́?”

Mo ní wọ́n wà. Wọ́n béèrè iṣẹ́, mo ní a dúpẹ́. Ìgbà tí a kíra tán ni wọ́n tó bi mí pé kí ni mo ń ṣe nílẹ̀.

Bàbá gbọ́, wọ́n kàn gbé ọrun padà kọ́ sára ìṣó ni. Ìyẹn dùn mí ju ẹ̀yìn mi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dojú bolẹ̀ sórí ẹní, ìyàwó mi ń fi òrí pa mí lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá wọlé pẹ̀lú ọrun, ojú wọn bí ẹni tí kò sùn.

“Ìyá yín ò jẹ́ kí n sùn. Ó ní ìkíni kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ní ká ní o wo òun kọjá ni, òun ì bá wá mú ọmọ òun lọ.”

Wọ́n gbé ọrun síwájú mi. Mo fẹ́ dìde kí n lè dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, ẹ̀yìn kọ̀.

“Má dìde,” wọ́n ní. “Bó o ṣe wà yẹn ti tó.”