Ìrora Àyà Ló Kọ́ Mi Ní Ìrìn

Igbá ni mo ń fín. Iṣẹ́ bàbá mi ni, òun náà sì bá a lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Nílùú Ọ̀yọ́ níbí, orí àpótí kékeré kan lẹ́yìn ilé wa ni mo máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Igbá á wà láàárín orúnkún mi, ọ̀bẹ á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, sìgá á sì wà létè. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. N kì í dìde àfi tí mo bá fẹ́ ṣàlùwàlá tàbí tí mo bá fẹ́ jẹun.

Lọ́dún tí mo pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, mo kó igbá lọ fún oníbàárà mi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Tákìé, mo gbé àpò igbá lérí, mo ní kí n fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ torí kò jìnnà. Ọ̀nà yẹn gun òkè díẹ̀. N kò tíì dé ìdajì rẹ̀ tí nǹkan fi tẹ̀ mí láyà, àfi bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé mi láàárín àyà. Ó gba èjìká òsì sọ̀kalẹ̀ sí apá, ó sì mú mi lágbọ̀n bí akokoro eyín. Òógùn bò mí. Mo sọ àpò kalẹ̀, mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan níwájú ilé télọ̀. Kò pẹ́, ó rọlẹ̀. Mo ní ó rẹ̀ mí ni. Mo tún gbé àpò, mo rìn díẹ̀, ó tún dé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ló lọ́kọ sí, ibẹ̀ náà ló ti di ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé rẹ̀, mo fẹ́ sinmi díẹ̀ kí n sì máa lọ. N kò ní in lọ́kàn láti sọ fún un, àmọ́ ó ti rí ojú mi.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n mi. Ooru ló mú mi."

"Ooru kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ di àyà mú. Níbo ló ti ń dùn ọ́?"

Bí mo ṣe dárúkọ apá òsì báyìí, ó ti ń wá bàtà rẹ̀. N kò tíì mu omi tó gbé fún mi tán tí a fi wà nínú kẹ̀kẹ́, ó di ọsibítù.

Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, ẹ̀rọ kan ń ya bí ọkàn mi ṣe ń lù sórí bébà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní kí n má tíì lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, dókítà obìnrin kan, tí kò lè ju àkọ́bí mi lọ, fa àga, ó jókòó tì mí.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ ọkàn. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti fún. Tí ẹ bá jókòó, èyí tó ń rí gbà á tó o. Tí ẹ bá gbé ẹrù gun òkè, kò ní tó o mọ́, ìyẹn ló ń dùn yín yẹn."

"Ṣé ẹ máa là mí láyà ni?" Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí láti ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn.

"Ní báyìí, rárá. Ohun tí a rí kò tíì dé ibẹ̀. Ẹ ó máa lo oògùn lójoojúmọ́, ẹ ó jáwọ́ nínú sìgá, ẹ ó dín iyọ̀ àti ọ̀rá kù, ẹ ó sì máa rìn. Tí ẹ bá ṣe é, ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò iṣẹ́ abẹ. Tí ẹ kò bá ṣe é, ọ̀rọ̀ á yí padà."

Ó fún mi ní hóró oògùn wẹ́wẹ́ kan tí mo gbọ́dọ̀ máa mú kiri. Tí ìrora bá dé, kí n jókòó, kí n fi ẹyọ kan sábẹ́ ahọ́n.

"Tí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá tí kò lọ, ẹ má dúró gbàdúrà kí ẹ tó wá o. Ẹ máa gbàdúrà bọ̀ nínú ọkọ̀."

Mo padà sí Ọ̀yọ́. Sìgá ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Mo run páálí tó kù lápò mi mọ́wọ́, mo dà á sí ṣáláńgá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orí mi gbóná, mo ń jágbe mọ́ gbogbo ilé, ọ̀bẹ yọ̀ lọ́wọ́ mi, mo ba igbá ìgbéyàwó kan jẹ́ pátápátá. Mo wá fi pákò sí etè níbi tí sìgá máa ń wà. Pákò náà ni mo ń jẹ títí di òní.

Oúnjẹ tún dé. Ìyàwó mi dín iyọ̀ kù, ó dín epo kù, ó fi irú, àlùbọ́sà àti ata ilẹ̀ dípò, ẹja ló sì ń sè ju ẹran lọ. Ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbé wá, bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ló rí lẹ́nu mi.

Mo ní, "Kí lèyí?"

"Ẹ máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, bàbá àwọn ọmọ. N kò fẹ́ ṣopó."

Mo jẹ ẹ́.

Ibi tí mo ti ṣìnà rèé. Ọkùnrin kan ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ta àgbo kiri àdúgbò wa. Ó ní ìgò kan ṣoṣo nínú àgbo òun máa ń fọ ọkàn mọ́, kí ẹni tó bá rà á da oògùn òyìnbó nù. Oògùn gbígbé mì ti sú mi nígbà yẹn, mo rà á. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń mu àgbo, tí n kò fọwọ́ kan oògùn mi. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo ń lọ kírun Jímọ̀ nígbà tí ìrora náà dé, ó sì wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn mọ́sáláṣí, mo fi hóró oògùn náà sábẹ́ ahọ́n. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, kò lọ. Àwọn tá a jọ fẹ́ kírun ló gbé mi lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run ló yọ mí.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́jọ́ kejì láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò pariwo.

"Ewé kò burú," ó ní. "Èmi náà ń lo ewé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ta àgbo fún ọ, ṣé ó mọ bí ọkàn rẹ ṣe rí? Ṣé ó mọ oògùn tí ò ń lò?"

"Kò mọ̀ ọ́n, mà."

"Nígbà mìíràn, kó o tó gbé nǹkan mu, bi dókítà rẹ léèrè. Kí lo wá fẹ́ ṣe báyìí?"

"Mo fẹ́ wà láàyè."

"Ó dáa. Dìde nígbà náà tí wọ́n bá ní kó o dìde."

Nígbà tí dókítà fún mi láyè, mo bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Òpó iná méjì ni mo kọ́kọ́ lè rìn dé, kí n sì padà. Ìtìjú bá mi, torí àwọn aládùúgbò ń wò mí. Ìyàwó mi tẹ̀ lé mi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òpó mẹ́ta. Tí àyà bá ti fẹ́ máa fún, mo dúró, mo mí sínú jẹ́jẹ́, mo mí síta jẹ́jẹ́. N kì í fipá mú ara mi. Àmọ́ n kì í jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láìjáde. Òjò rọ̀, mo rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọyẹ́ dé, mo rí i pé òtútù àárọ̀ máa ń ta mí láyà, mo sún ìrìn di ìgbà tí oòrùn bá yọ. Mo tún rí i pé ìbínú ń fa ìrora náà bí òkè gígùn ṣe ń fà á. Bí oníbàárà bá ń wá ìjà báyìí, mo máa ń wọlé lọ mu omi ni.

Ọdún kẹrin rèé. Mo ń rìn láti ilé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo sì ń padà láìdúró. Ẹrù tó wúwo kò sí lórí mi mọ́; àwọn oníbàárà ń wá kó igbá wọn fúnra wọn. Nígbà míì, oṣù méjì á kọjá tí ìrora kò ní dé. Tó bá dé, mo mọ ohun tí màá ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá dókítà obìnrin yẹn ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo bi í bóyá mo ti san.

"Ẹ kò tíì san tán, bàbá," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ wà lókè, kì í ṣe àìsàn náà. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ o."

Mo ní n kò ní sọ̀ kalẹ̀. Mo gba oògùn oṣù mẹ́ta tó kàn, mo sì jáde lọ wọkọ̀ Ọ̀yọ́.