Ẹ̀bùn Tí Wọ́n Kúnlẹ̀ Gbà

Mo yọ̀ǹda ara mi láti fi fóònù gbé ayẹyẹ ẹ̀bùn àwa olólùfẹ́ fíìmù jáde tààràtà, n'Ígbó-Ọrà. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi obìnrin máa gbẹ̀bùn. Èkejì ń wò ó láti òkè òkun. Wọn ò tíì ríra látìgbà ìsìnkú ìyá wọn. Ara mi ò balẹ̀.

Obìnrin àkọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú olóyè tó ń pín ẹ̀bùn, ó bá pòórá nínú àwòrán. Mo ti gbé fóònù ga jù.

Ọmọ mi tó wà lókè òkun kọ ọ́ sórí fóònù: “Bàámi, ṣé fìlà olóyè ló gbẹ̀bùn ni?”

Wọ́n pe èkejì rẹ̀ wá gbẹ̀bùn, òun náà kúnlẹ̀. Mo yọ fóònù kúrò lórí igi tí mo gbé e lé, mo sáré síwájú, èmi náà kúnlẹ̀.

“Mo ti ń rí i, Bàámi. Ẹ má tíì dìde.”