Bàbá Wáyà àti Àpótí Tó Ń Darí Sẹ́fà Mẹ́jọ

Ọjọ́ tí Bàbá Wáyà tìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ síta níwájú àlejò ni gbogbo ilé ìwòsàn fi ń rántí rẹ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí tó fi kú, òun fúnra rẹ̀ kò gbà pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà nísàlẹ̀, ó de táì, kíbọ́ọ̀dù kan àti sìkirín kan wà níwájú rẹ̀. Sẹ́fà mẹ́jọ, àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn, wà nínú yàrá kan lókè pátápátá. Àtẹ̀gùn méjìlélọ́gọ́ta ló wà láàárín òun àti wọn.

"Ẹ mú èyíkéyìí nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ," ó wí fún àwọn àlejò tó wá wo iṣẹ́ rẹ̀. "Màá pa á, màá sì jí i padà. Ìdí mi ò ní kúrò lórí àga yìí."

Ìyá Oníkáàdì, ẹni tó ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn, tí kì í gbọ́ kí Bàbá Wáyà fọ́nnu kó má dá sí i, na ìka méjì sókè.

"Ẹ pa ìkejì."

Ó pa á. Sìkirín ṣú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Wáyà dìde, ó tẹríba, ó jókòó padà, ó tẹ kíbọ́ọ̀dù kó lè jí i. Kò sí ìdáhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Àṣé ìkejì yìí gan-an ni ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bàbá ti gé ẹ̀ka igi tó jókòó lé.

"Ṣé ó ti sùn lọ ni?" Ìyá Oníkáàdì béèrè.

Bàbá Wáyà dìde. Ó gun àtẹ̀gùn méjìlélọ́gọ́ta náà, ó ń dúró mí níbi gbogbo tó bá ti yí kọ́nà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jí ẹ̀rọ náà, ó sì sọ̀kalẹ̀ wá bí ẹni tó lọ tọ̀ lásán. "Bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn," ó wí. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i pé tí mo bá tilẹ̀kùn, èmi náà ò lè wọlé."

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù o. Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn yẹn kì í ṣe àwàdà fún un. Oṣù kan ṣáájú ni dókítà ti pè é jókòó.

"Bàbá, ọkàn yín ò fẹ́ àtẹ̀gùn mọ́."

"Ọkàn mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ẹ̀rọ tí mo fi yẹ̀ ẹ́ wò ló sọ ọ́."

"Ẹ̀rọ! Ta ló tún ẹ̀rọ yẹn ṣe kẹ́yìn?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Bàbá Wáyà tún táì rẹ̀ ṣe. "Á jẹ́ pé òótọ́ ló sọ nìyẹn."

Ọ̀gá àgbà, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ní ẹni tí kò bá lè gòkè mọ́, ilé ló kù tó ń lọ. Ọdún mẹ́tàlélógún ni Bàbá Wáyà ti ń bá àwọn ẹ̀rọ náà bọ̀. Òun ló gbé èyí tó dàgbà jù nínú wọn wọlé lórí èjìká. Kò bẹ̀bẹ̀ rí láyé rẹ̀, àmọ́ ó bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti àpótí kan tí òun ti kà nípa rẹ̀, súìṣì tó máa ń jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo darí kọ̀ǹpútà púpọ̀, kódà láti ilé mìíràn. Èèyàn kàn máa yan èyí tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni, yóò sì rí ojú rẹ̀ bí ẹni pé ó dúró tì í.

Wọ́n ra àpótí náà. Ó fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, àmọ́ kò gbà láti kọ nọ́ńbà nìkan sí wọn lára. Ó ní nọ́ńbà kì í sọ ìwà. Ó wá lẹ orúkọ àwọn ará ilé ìyàwó rẹ̀ mọ́ wọn: èyí tí kì í sùn ni Ìyá Ìyàwó, èyí tó máa ń pariwo kó tó ṣiṣẹ́ ni Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó, èyí tí wọ́n á pè títí kó tó dáhùn sì ni Àbúrò Ìyàwó. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ wá kí i níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó rí orúkọ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ìdí tí mo fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn gan-an nìyẹn."

Odidi oṣù kan ni ọkùnrin náà fi yan Bàbá Wáyà lódì.

Lẹ́yìn ìtìjú ọjọ́ àlejò, ọ̀gá àgbà fún un ní ọ̀sẹ̀ kan péré sí i. Bàbá Wáyà mọ ibi tó ti ṣàṣìṣe. Ilé tó bá ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ilẹ̀kùn náà ni yóò dójú ti onílé. Ó lọ bá ọ̀gá àgbà.

"Ọ̀gá, mo fẹ́ wáyà tẹlifóònù kan tí màá fi bá àpótí náà sọ̀rọ̀ láìgba ọ̀dọ̀ ìkejì kọjá."

"Kò sí, Bàbá."

"Èyí tó wà lórí tábìlì yín yìí ńkọ́?"

"Tèmi nìyẹn!"

"Ẹ kì í gbé e. Láti ìgbà tí mo ti jókòó, ó ti dún lẹ́ẹ̀mẹfà."

Ó tún dún bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá àgbà wò ó, kò gbé e, ó sì yọ ọ́ lára ògiri fún un.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, gbogbo àwa òṣìṣẹ́ kóra jọ sí ọ́fíìsì yẹn. A mọ̀ pé tó bá kùnà lọ́tẹ̀ yìí, ó ti tán nìyẹn. Ọ̀gá àgbà ní kí Ìyá Oníkáàdì yan ẹ̀rọ. Obìnrin náà wo Bàbá Wáyà, ó wo ilẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè tó ti tẹ́lẹ̀.

"Ìkarùn-ún," ó wí.

"Má ṣàánú mi," ni Bàbá Wáyà fi dá a lóhùn. "Sọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ."

"Ìkejì, Bàbá."

Ó pa ìkejì. Sìkirín ṣú. Ó gba ojú ọ̀nà tẹlifóònù wọlé, ó tẹ bọ́tìnnì, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Ìṣẹ́jú mẹ́rin la fi dúró. Nígbà tí sìkirín ìkejì tún tàn, Ìyá Oníkáàdì ló kọ́kọ́ kígbe, òun náà ló sì gbá Bàbá Wáyà mọ́ra. Bàbá ní kó rọra, kó má rún táì òun.

Ó fi ọdún méjì sí i ṣiṣẹ́ láìgun àtẹ̀gùn kankan. Nígbà tí dókítà wá ní kó má jáde nílé mọ́, ọ̀gá àgbà gba onímọ̀ ẹ̀rọ mìíràn, ó sì jẹ́ kí Bàbá Wáyà gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan lọ sílé, pé kó máa yọjú sí àwọn ẹ̀rọ náà bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ìyàwó rẹ̀ ní láràárọ̀ ni yóò wẹ̀, yóò de táì, yóò jókòó sí pálọ̀, yóò sì ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ̀rọ̀ nítorí òun ti wọ ibi iṣẹ́. Ìdí iṣẹ́ yìí náà ni ó kú sí láàárọ̀ ọjọ́ kan, jẹ́jẹ́, lórí àga rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà náà wá dá padà. Ojú rẹ̀ le díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ̀ ni. Iṣẹ́ wo lẹ gbé lé ọkọ mi lọ́wọ́ tí wọn ò fi sinmi?"

Ọ̀gá àgbà fa kíbọ́ọ̀dù sọ́dọ̀. Ó ṣí ibi tí súìṣì náà máa ń kọ wíwọlé àti jíjáde gbogbo èèyàn sí. Ìyá Oníkáàdì àti àwa yòókù yọrùn látẹ̀yìn. Láràárọ̀, ní aago mẹ́jọ, Bàbá Wáyà wọlé sọ́dọ̀ ìkíní, ó dúró ìṣẹ́jú kan, ó jáde. Ó wọlé sọ́dọ̀ ìkejì, ó dúró, ó jáde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ọ̀dọ̀ ìkẹjọ. Láàárín oṣù méje tó fi wà nílé, kò tẹ nǹkan kan. Kò tún nǹkan kan ṣe.

Ìyá Oníkáàdì ló fèsì.

"Ó ń kí wọn ni, Mọ́mì. Kò sí iṣẹ́ kankan."

Obìnrin náà wo àkọsílẹ̀ náà títí, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu. "Ẹ ṣeun," ó wí. "Mo ti ń rò ó pé èmi ni wọ́n ń sá fún."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ẹ̀rín tán, kò sẹ́ni tó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. A jókòó tì í níbẹ̀, nítorí àárò ọkọ rẹ̀ ti ń sọ àwa náà.