Èmi Mùsùlùmí, Mo Ń Wá Ṣọ́ọ̀ṣì Kiri fún Ọ̀gá Mi

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé Màdáámù Dórísì, ẹnu yà mí. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún sílẹ̀ fún un, ibi tí àwa dírẹ́bà ń pè ní ónà kọ́nà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀gá ń jókòó sí. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yí ọkọ̀ po, ó sì wá jókòó tì mí níwájú.

"Ràsákì, ṣé o mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti máa gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀?"

Èmi tí mò ń kírun ní mọ́ṣáláṣí Boundary! Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, Mà." Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ iṣẹ́ pé òun ò mọ ọ̀nà?

Ní nǹkan bí ọdún 1986 ni. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Àpápá, GRA ni wọ́n ń gbé, Jàmáíkà ni wọ́n sì ti wá. Ẹ má bínú pé mi ò fi "wọ́n" pè é nínú ìtàn yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́, ó ní ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ni òun. Èèyàn dúdú bíi tiwa ni, ó tiẹ̀ jọ àbúrò ìyá mi kan, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tó kó bá wa gan-an nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ kò jìnnà sílé wọn. Mo fọ Píjò títí ó fi ń dán, mo wà á dé ẹnu ọ̀nà gbàgàdà. Wọ́n rí ọkọ̀, wọ́n sáré pàdé wa, wọ́n mú Màdáámù lọ sórí àga tìmùtìmù níwájú. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, lẹ́tà ti dé pé kó wá ṣe ìyá ìkórè.

"Ọkọ̀ yìí ni wọ́n kí, Ràsákì," ó sọ fún mi. "Wọn ò tíì kí èmi."

Ni mo bá dá ọgbọ́n. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo fi ọkọ̀ pamọ́ sẹ́yìn ilé epo kan, mo ní kó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, mo sì ń tẹ̀lé e lókèèrè. Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi Yorùbá kí i. Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn. Obìnrin náà ní kó fi nǹkan borí. Ó tún rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo agbéraga yìí!"

Mi ò bá a wí. Ẹni tó rò pé ọmọ Yorùbá ni òun ń kí, tí ìyẹn wá ń rẹ́rìn-ín sí i! Mo fẹ́ sáré lọ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Màdáámù ti yí padà. Inú ọkọ̀ ló ti sunkún.

"Tó bá fi di Kérésìmesì tí mi ò rí ibi tí wọ́n ti mọ̀ mí, mo ń padà sílé nìyẹn."

Tó bá lọ, iṣẹ́ mi lọ, bẹ́ẹ̀ Sàídátù, ìyàwó mi, wà nínú oyún. Àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an. A wá ṣọ́ọ̀ṣì kiri títí mo fi mọ aago tí ìwàásù kọ̀ọ̀kan ń parí ní Àpápá, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mọ́ṣáláṣí sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Pásítọ̀ Ràsákì. Ibì kan ṣoṣo ni mi ò mú un dé: Ajégúnlẹ̀, níbi tí mò ń gbé. Ojú ń tì mí. Ṣé ẹrẹ̀ àdúgbò wa ni kí ìyàwó ọ̀gá GRA wá fi bàtà rẹ̀ tẹ̀?

Ó ku oṣù méjì kí Kérésìmesì dé ni Sàídátù bí ọmọbìnrin. Màdáámù yarí, àfi kí òun rí ọmọ. Bí a ṣe dé Boundary, ní Ajégúnlẹ̀ wa, ní Sátidé yẹn nìyẹn. Mo ní kó dúró lójúde díẹ̀ kí n palẹ̀ yàrá mọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní Sátidé tirẹ̀ tí yóò gbá a, tí yóò sì nu bẹ́ńṣì. Màmá Tóyìn, onílé mi, ló kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Ó rí obìnrin gíga kan tó dúró láìṣe nǹkan kan.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń wò wá ni? Ẹ gba ìgbálẹ̀!"

Màdáámù rẹ́rìn-ín. Láti inú yàrá ni mo ti gbọ́, mo ní ó tún ti dé. Ṣùgbọ́n Màmá Tóyìn ti pẹ́ ní Ajégúnlẹ̀, ó fi àdàmọ̀dì Gẹ̀ẹ́sì bi í bóyá wọn kì í gbá ṣọ́ọ̀ṣì níbi tó ti wá: "Una no dey sweep church for una place?"

Ojú Màdáámù là. "Ìyá ìyá mi!" ó pariwo ní Gẹ̀ẹ́sì. "Bí ìyá ìyá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Jàmáíkà nìyẹn!" Ó gba ìgbálẹ̀.

Mo sáré jáde. "Màmá, ọ̀gá mi nìyẹn o! Ìyàwó ọ̀gá GRA!"

"Ọ̀gá rẹ ò lọ́wọ́ ni?"

Ó lọ́wọ́, àmọ́ kò mọ ilẹ̀ gbá. Ó nàró ṣánṣán, ó ń fi ìgbálẹ̀ na afẹ́fẹ́. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí, wọ́n tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀: "Ẹ bẹ̀rẹ̀! Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí i!" Eruku bo gbogbo wọn. Ó gbàgbé ọmọ tuntun pátápátá, Sàídátù ló gbé ọmọ jáde wá bá a.

Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ló ń lọ. Wọn ò kéde rẹ̀, wọn ò gbé àga kankan fún un. Orí bẹ́ńṣì ló ń jókòó sí, ọmọ ọlọ́mọ lórí itan rẹ̀. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. "Bóyá wọ́n kàn ń ṣàánú àlejò ni," ó wí.

Sátidé tó tún kan ẹgbẹ́ wọn, àlejò ọkọ rẹ̀ dé, kò lè lọ. Mò ń fọ ọkọ̀ lọ́sàn-án nígbà tí mo gbọ́ ariwo lẹ́nu géètì. Màmá Tóyìn ni, tìgbálẹ̀tìgbálẹ̀, mẹ́gádì ò sì jẹ́ kó wọlé.

"Where she dey? Ọjọ́ iṣẹ́, kò yọjú! Ṣé èmi ni kí n máa bá a gbá apá tirẹ̀ ni?"

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Màdáámù sáré jáde nínú sílípáàsì, àwọn àlejò ń yọjú lójú fèrèsé. Ó kúnlẹ̀ gbì lórí koríko.

"Ẹ má bínú, Mà. Ẹ má bínú."

Gbogbo Yorùbá tó gbọ́ nìyẹn. Màmá Tóyìn fà á dìde, ó gba omi tútù mu, ó sì ń jà lọ nínú ọkọ̀ títí mo fi já a sílẹ̀ ní Boundary.

Nígbà tí mo padà dé, Màdáámù ń jó nínú kíṣìnnì. "Ràsákì, wọ́n bá mi jà! Wọ́n wá mi wálé, wọ́n bá mi jà!" Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń fò, èmi náà ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé mo fi ọṣẹ sílẹ̀ lára Píjò.

Ó lé ní ọdún méje tí mo tún fi wakọ̀ fún un. Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Mo ti gbé oríṣiríṣi ọ̀gá débi tí wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ibi kan ṣoṣo yẹn ni mo fi ń yangàn, èmi tí mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ rárá.

Kérésìmesì ọdún náà dé, Màdáámù ò padà sí Jàmáíkà. Kò tiẹ̀ ráyè rò ó. Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, ẹgbẹ́ wọn ló kàn láti gbálẹ̀.