Fìrídọ́ọ̀mù Ọmọ Ọmọ Mi

Ojú ọjọ́ kò mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú kó tó dá, ṣùgbọ́n ìkùukùu kò kúrò lórí àwọn ilé Jakande wa ní Ìsọlọ̀, aṣọ tí mo sì ti sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àná ṣì tutù bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́. Ọkọ̀ òfuurufú kan kọjá lórí wa. A gbọ́ ọ, a ò rí i.

Mo ń po ògì lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ ọmọ mi obìnrin jáde láti yàrá. Ó yẹ kó ti múra ibi iṣẹ́, àmọ́ ìró tó fi sùn ló ṣì so mọ́yà. Mo bi í pé ṣé kò lọ lónìí ni.

Ó ní, “Màmá, mo ti fíríì wọn.”

Iṣẹ́ télọ̀ ló ń kọ́ lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Èjìgbò. Ó ti lo ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé, fìrídọ́ọ̀mù nìkan ló kù. Ẹni tó bá gbé àdúgbò wa mọ ohun tí mò ń wí: ọjọ́ tí ọ̀gá máa pe àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, tí ọmọṣẹ́ máa kúnlẹ̀, tí ọ̀gá máa gbọ́wọ́ lé e lórí, tó máa ṣàdúrà fún un, tó sì máa fi sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, bó o tiẹ̀ mọ aṣọ rán ju ọ̀gá rẹ lọ, aṣọ oníbàárà kò gbọdọ̀ wọ ilé rẹ.

Mo ti bá àwọn ọmọ yìí gbé pẹ́, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní fíríì. Tí wọ́n bá ní àwọn ti fíríì ẹnì kan, wọ́n ti yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ onítọ̀hún nìyẹn. Tí mo bá ní kó wọ súwẹ́tà, á ní kí n fíríì òun. Ẹni tí kì í gbéra ga, tó ń bá tọmọdé tàgbà ṣeré, ẹni tó fíríì nìyẹn. Omi tí wọ́n pín níbi ìsọmọlórúkọ, fíríì ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n ti sọ ọ́ di ìborùn, wọ́n ń fà á kọ́rùn lọ síbi gbogbo.

Mo gbé ògì fún un, mo ní kó jókòó. Ọ̀rọ̀ náà jáde díẹ̀díẹ̀. Oníbàárà ọ̀gá rẹ̀ kan ló pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, tó ní kó bá òun rán léèsì kan nílé, torí iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, òun sì ń kánjú. Ó gbà á. Mo rántí pé mo gbọ́ ìró máṣíìnì ní yàrá lọ́sẹ̀ yẹn, mo rò pé ó ń fi dánra wò ni. Obìnrin náà wọ aṣọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀gá tí wọ́n jọ ń lọ síbẹ̀ wo ọrùn aṣọ náà, ó mọ ẹni tó rán an. Lánàá, lójú gbogbo èèyàn, ọ̀gá ní òun ò ṣe fìrídọ́ọ̀mù kankan fún un mọ́.

“Ṣé dandan tiẹ̀ ni?” Ọmọ náà fa fóònù rẹ̀ yọ, ó ní òun fẹ́ ka ohun tí díṣọ́nárì sọ. Èmi ò kàwé dé ibi kan, torí náà ó ń tú u sí Yorùbá fún mi. Ó ní fìrídọ́ọ̀mù ni kí ẹnikẹ́ni má dè ọ́ mọ́lẹ̀, kó o lè ṣe ohun tí ọkàn rẹ fẹ́. “Ẹ ò rí i, Màmá? Kò sí ọ̀gá níbẹ̀.”

Mo ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó kọ ọ́ kò gbé Èjìgbò. Tí ẹgbẹ́ télọ̀ bá wá tú orí máṣíìnì rẹ lọ, tí wọ́n ní ta ló fún ẹ ní fìrídọ́ọ̀mù, ṣé fóònù lo máa nà sí wọn?”

Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo ti ṣàkíyèsí pé bí inú ṣe ń bí i tó, kò sọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni ń sọ ti ẹgbẹ́ rẹ̀, “wọn” ló ń pè é. Ìyẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mo ní kó lọ wẹ̀, pé a jọ ń lọ.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ń lọ aṣọ. Mo fẹ́ fi orúnkún kanlẹ̀, ó sáré dì mí mú pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé mo fẹ́ kí ayé bú òun ni. Mo ní ọmọ rẹ̀ ni mo mú wá. Ọmọ náà ti kúnlẹ̀ ní tiẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá padà sídìí áyọ́ọ̀nù, ó lọ aṣọ náà tán, ó ká a, ó mú òmíràn.

Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, kò wojú rẹ̀. “Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ká ọrùn aṣọ bẹ́ẹ̀ yẹn?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Ó dáa. Kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.”

Obìnrin kan wọlé, ó fẹ́ rán bùbá. Ọ̀gá bọ́ téèpù ọrùn rẹ̀, ó nà án sí ọmọ tó wà lórí ìkúnlẹ̀. “Dìde, kó o wọ̀n wọ́n.” Nígbà tó ti wọ̀n ọ́n tán, ọ̀gá ní, “Aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ́jọ́ fìrídọ́ọ̀mù rẹ, ìwọ lo máa rán an. Níbí o, lójú gbogbo ayé. Kì í ṣe ní yàrá.”

Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, mo wọkọ̀ padà sí Ìsọlọ̀. Nígbà tó dé lálẹ́, ó ní, “Màmá, ọ̀gá mi fíríì o, wọn ò dì mí sínú.” Mo bi í bóyá èyí wà nínú díṣọ́nárì. Ó ní òun ò tíì wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àpótí èlùbọ́ mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé dáadáa. Mo gbá ibẹ̀, mo gbé máṣíìnì rẹ̀ síbẹ̀, mo nù ún, mo ro òróró díẹ̀ sí i, mo sì fi aṣọ bò ó títí dọjọ́ fìrídọ́ọ̀mù rẹ̀.